Alákòóso Tó Fẹ́ Wọn Òógùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe ń rí nígbà tó bá jókòó sórí àga onítìmùtìmù, kó wá gbọ́ ìtàn Alákòóso Apá Òkè. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ṣe gan-an ti tó ẹ̀rín, kò nílò àfikún lọ́wọ́ mi.

Odò kan ló la ilẹ̀ náà sí méjì. Nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ni Apá Odò wà. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń wa amọ̀. Wọ́n ń fẹsẹ̀ po ó, wọ́n ń fi àpótí onígi mọ ọ́n ní bíríkì, wọn a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí yóò fi le díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù a kó o gba orí afárá lọ sí Apá Òkè, níbi tí igi ìdáná pọ̀ sí. Àwọn ará Òkè ló ní ìléru. Wọn a to bíríkì tútù náà sínú rẹ̀, wọn a sun ún fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Òkè ni àwọn oníbàárà ti ń rà á, òǹtẹ̀ Òkè ló sì ń wà lára rẹ̀. Èrè tó bá ti ibẹ̀ wá, apá méjèèjì a pín in dọ́gba-dọ́gba. Bí àwọn bàbá ṣe ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ náà ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bínú.

Kò sẹ́ni tó bínú, mo ní, títí wọ́n fi yan Alákòóso.

Ọkùnrin náà ga, ó sì sanra. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá, òun fúnra rẹ̀ a wá tẹ̀ lé e bí ẹ̀ṣọ́. Oyè tó fi jẹ ara rẹ̀ ni Alákòóso Àgbà Pátápátá, Olùdarí Iná, Olùtọ́jú Èéfín, Baba Gbogbo Ohun Tó Le. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ ń jó sáré wá pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé omi wá. Kó tó ka oyè dé Olùtọ́jú Èéfín, ilé ti di eérú. Alákòóso yìn ín lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ó ṣe dáadáa, nítorí kò fo ìlà kankan.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìléru ní orúkọ mìíràn fún un, lẹ́yìn rẹ̀ dájúdájú: Èmi-ni-mo-ṣe-é. Bí òjò bá rọ̀, òun ló ṣe é. Bí òjò bá dá, òun náà ni. Bí aya ẹnì kan bá bí ìbejì, Alákòóso a mi orí bí ẹni tó mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, èyí kò sì ń dùn mọ́ bàbá àwọn ọmọ.

Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ gbogbo oyè òun sára bíríkì. Oyè náà gùn ju bíríkì kan lọ, nítorí náà wọ́n pín in sára mẹ́rin. Àwọn bíríkìlà kò sì bìkítà èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá dé ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò tó wà lójú títì, ẹ óò rí i lára ògiri gàgàrà pé: Olùtọ́jú, Olùtọ́jú, Èéfín, Baba, Èéfín.

Ó tún ní igbákejì kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Bí Alákòóso bá ní ooru mú, Bẹ́ẹ̀-ni-sà a nu ojú. Bó bá ní òtútù ń mú, a de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Mo ti rí ọjọ́ tó ṣe méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí wọ́n ń ṣí géètì tuntun ọ́fíìsì Alákòóso, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú oòrùn. Òun dúró sábẹ́ agbòòrùn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó ké. "Ta ló ń ṣe bíríkì nílẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Bẹ́ẹ̀-ni-sà dáhùn.

"Èmi ni. Àwa ni, mo fẹ́ sọ. Kí wá ni àwọn ará Odò ń ṣe? Ẹrẹ̀! Ẹrẹ̀ lásán, tí ẹlẹ́dẹ̀ ń po láìgba kọ́bọ̀! Àwa ń làágùn nídìí iná, àwọn ń fẹsẹ̀ ṣeré nínú omi. Àwa là ń ṣe é, àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà wo, sà!"

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Títí dìgbà tí ẹ bá ní, sà."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí mi orí láàárín èrò. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ti rẹ̀, bí wọ́n bá sọ fún un pé ẹlòmíràn ló ń jẹ òógùn òun, kì í bèèrè ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni ìjọba burúkú ti ń rí igi dáná.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì. Òun ni Baba Eléérú, olórí àwọn tó ń dáná, àgbàlagbà tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jó láti ogún ọdún sẹ́yìn tí kò sì hù mọ́.

"Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni," ó ní, "kí Alákòóso bá wa mú ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta wá lọ́la. Ìléru ti ṣófo."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Alákòóso rò pé wọ́n ń yin òun ni, ó tẹrí ba fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Akọ̀wé rẹ̀ wọ ọ́fíìsì. Akọ̀wé yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ, kì í fi kún un, kì í yọ kúrò. Ẹ rántí èyí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀!" ni Alákòóso wí, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. "Ìkíní: kí ìjọba àpapọ̀ rán olùbẹ̀wò wá, kó wọn iṣẹ́ apá méjèèjì. Ìkejì: òṣùwọ̀n mẹ́ta ni yóò lò, èmi Alákòóso ni yóò sì yan gbogbo wọn. Èyí tó kẹ́yìn ni yóò borí méjì àkọ́kọ́, nítorí pé níbi gbogbo tí mo bá dé, èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìkẹta: apá tó bá borí ni yóò máa kó gbogbo èrè láti ìparí oṣù yìí. Ìkẹrin..." Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì. "Ìkẹrin: olórí apá tó bá fìdí rẹmi yóò dìde lórí àga rẹ̀, yóò lọ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ apá kejì fún ọdún kan gbáko, kó lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́. Mo fẹ́ rí Ìyá Alámọ̀ kó máa kó eérú."

"Sà," Akọ̀wé wí, "tó bá jẹ́ àwa la fìdí rẹmi ńkọ́?"

Alákòóso yíjú sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà.

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan, sà," Bẹ́ẹ̀-ni-sà dáhùn wéré. "Ikọ́ ló wú."

Kí ẹ tó bú Akọ̀wé pé ojo ni, ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá Alámọ̀ tí Alákòóso ń dárúkọ yìí, olórí Apá Odò, ni ìyá ìyàwó Akọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ilé ìtọ́jú aláboyún wà ní Òkè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Alákòóso ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó agbádá oyè rẹ̀ sí. Ọdún méjì sẹ́yìn, ojú ọ̀nà ni ọmọ Akọ̀wé àkọ́kọ́ kú sí, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè gbé ìyá rẹ̀ lọ nítòsí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Apá Odò fi ìpín tiwọn gba nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ilé kékeré kan, bẹ́ẹ̀dì méjì. Bí ìpín Odò bá lọ, nọ́ọ̀sì náà á lọ níparí oṣù.

Akọ̀wé da ìwé àṣẹ náà kọ, ó fún Alákòóso. Alákòóso lu òǹtẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí pé ìró òǹtẹ̀ náà máa ń dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Akọ̀wé kọjá afárá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà nínú kòtò, amọ̀ dé e lórúnkún, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń jó.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Hẹn, àna mi! Ṣé ẹrẹ̀ lo wá wò ni àbí ìyàwó rẹ?"

"Àwọn méjèèjì, mà."

"Ẹ kú irọ́," ìyàwó rẹ̀ wí láti abẹ́ ìbòòji. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì tó ti wú síwájú. "Bàtà tó mọ́ tónítóní lẹ́sẹ̀ yẹn, tí ẹ sì ní ẹ̀ ń bọ̀ wá wo ẹrẹ̀."

Akọ̀wé ka ìwé náà fún wọn. Nígbà tó dé ìkẹta, ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ohun tí Alákòóso sọ lánàá," ó ní. "Mo bá a láàárọ̀, ó ń di àwọn ìgò rẹ̀ sínú páálí. Ó ní òun kì í dúró de ìgbà tí wọ́n bá máa lé òun."

Ìyá Alámọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀. "Ka ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan sí i."

Akọ̀wé tún un kà.

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ló sọ ọ́, mà."

"O ò fi kún un?"

"Mi ò fi kún un."

"O ò sì yọ nǹkan kan?"

"Mi ò yọ."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti di etí kòtò mú. "Fi ránṣẹ́, ọmọ mi. Má tilẹ̀ jẹ́ kí ìwé yẹn rún. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò fún ẹlòmíràn, kó rọra wọn bó ṣe jìn, torí ó lè jẹ́ òun ni yóò máa pe àkàbà níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Akọ̀wé yíjú padà, ó rí i pé ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀, ikùn ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Olùbẹ̀wò dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin pẹ́lẹ́bẹ́ kan ni, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbé omi mímu tirẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀-ni-sà bẹ̀rẹ̀ sí ka oyè Alákòóso fún un. Kó tó parí, obìnrin náà ti kọjá lára rẹ̀, ó ti ń wo òṣùwọ̀n.

"Èwo lẹ kọ́kọ́ yàn?" ó béèrè.

"Ìwúwo!" ni Alákòóso wí. "Iṣẹ́ tó bá wúwo ni iṣẹ́."

Wọ́n gbé òṣùwọ̀n ńlá sórí afárá. Olùbẹ̀wò wọn ẹgbẹ̀rún kan bíríkì bó ṣe ti Odò wá, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ Alákòóso sí i lára, wọ́n kó o wọ ìléru. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kó o jáde, ó tún un wọ̀n. Ó wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un wò.

"Ó ti fúyẹ́," ó ní. "Ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ. Wọ́n kó iṣẹ́ báyìí fún yín, ẹ dá a padà, kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí lẹ ṣe sí ìyókù?"

Ọmọdé tó bá ti sá aṣọ rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi inú amọ̀ ló bá èéfín lọ. Ṣùgbọ́n Alákòóso kò tíì sá aṣọ rí láyé rẹ̀.

"Wọ́n ti jí i!" ó ké.

"Jí kí ni, sà?"

"Ìwúwo náà! Àwọn ará Odò ni! Ẹ tú báàgì wọn!"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tú báàgì àwọn obìnrin Odò tó wà lórí afárá. Wọ́n rí ìyarun, wọ́n rí ìlàjì búrẹ́dì, wọ́n rí òwú ìránṣọ. Olórí ẹ̀ṣọ́ padà wá, ó dúró ṣánṣán.

"A ò bá ìwúwo kankan lọ́dọ̀ wọn, sà, àfi ti ìyá kan báyìí, ó sì ní wọ́n bí i mọ́ òun ni."

Olùbẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀. "Òṣùwọ̀n kejì?"

"Iye!" ni Alákòóso wí. "Ẹ ka iye! Bíríkì kì í ṣe ìrẹsì tí wọ́n ń wọ̀n."

Wọ́n kà á. Ẹgbẹ̀rún kan ló wọlé. Èyí tó jáde lódidi dín méjìlélọ́gọ́ta.

"Mẹ́wàá ló máa ń fọ́ tẹ́lẹ̀," Baba Eléérú ṣàlàyé. Ó mú ọ̀kan tó ti là sí méjì, ó fi ìka tọ ojú ibi tó ti là. "Ẹ wò ó, mà. Àárín oyè ló ti là. Òǹtẹ̀ tuntun yìí gùn, ó sì jinlẹ̀ jù, iná ò lè fara dà á. Àwa náà ò lè fara dà á, ṣùgbọ́n wọn ò bi wá."

"Ìyẹn ni pé lẹ́yìn iṣẹ́ yín, iye rẹ̀ ń dín kù," Olùbẹ̀wò wí.

"Ìdánwò nìwọ̀nyí!" Alákòóso wí. "Òṣùwọ̀n kẹta ló ń dájọ́, ó wà nínú ìwé. Òṣùwọ̀n kẹta ni..." Ó na ọwọ́ sókè, ó dúró pẹ́, kí gbogbo ènìyàn lè gbádùn rẹ̀. "Òógùn!"

Àwọn ará Òkè pàtẹ́wọ́. Ta ló lè làágùn tó ẹni tó ń sun bíríkì? Baba Eléérú nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ó ń wo ìléru, ó ń họ orí. Lódìkejì afárá, ojú Ìyá Alámọ̀ fàro. Ìparí oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin, Akọ̀wé sì ti fojú ara rẹ̀ rí i pé páálí nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi okùn dì í.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Olùbẹ̀wò ra ogójì áńkáṣíìfù, ọ̀kan kò tóbi ju èkejì lọ. Ó wọ̀n wọ́n ní gbígbẹ. Ó fún ogún ènìyàn ní Òkè, ó fún ogún ní Odò. Kí oníkálùkù so tirẹ̀ mọ́ ọrùn, kó máa fi nu òógùn láti àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀ṣọ́ Òkè dúró ti àwọn obìnrin Odò, kí wọ́n má baà ki aṣọ bọ omi. Obìnrin Odò méjì sì dúró ṣọ́ ẹnu ìléru.

Nínú kòtò amọ̀, atẹ́gùn kò fẹ́. Oòrùn ń ti òkè ràn, ooru ń ti ilẹ̀ bọ̀. Àwọn obìnrin ń po amọ̀, wọ́n ń nu ojú, aṣọ ń wúwo díẹ̀díẹ̀. Òógùn kò rí ibi gbà lọ, ó dúró síbẹ̀.

Ní ẹnu ìléru ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, àwọn ọkùnrin náà làágùn. Wọ́n làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Wọ́n á nu ún tán, wọ́n á yíjú sí iná láti ju igi sí i, iná á sì gba aṣọ ọrùn wọn, á mú un gbẹ ṣáú bíi gúgúrú. Aago mẹ́wàá, aṣọ wọn gbẹ. Aago méjìlá, ó gbẹ ju bí wọ́n ṣe fún wọn lọ. Aṣọ ẹnì kan tilẹ̀ gbaná.

Alákòóso ń sáré kiri láàárín wọn. "Ẹ làágùn! Mo pàṣẹ pé kí ẹ làágùn!"

"A ń làágùn, sà," Baba Eléérú dáhùn. "Iná ló ń mu ún."

"Ta ló pàṣẹ fún iná?"

"Ẹ̀yin ni Olùdarí rẹ̀, sà."

Bẹ́ẹ̀-ni-sà rí i pé nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Ó yọ́ lọ, ó padà wá pẹ́lú ife kan lábẹ́ kóòtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n omi sára aṣọ àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùbẹ̀wò ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ife yẹn?"

"Ò... òógùn mi ni, mà."

Ó gba ife náà, ó wò ó. "Yìnyín wà nínú rẹ̀."

"Mo ti làágùn tipẹ́ ni, mà."

Àwọn obìnrin Odò méjèèjì tó ń ṣọ́nà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Olùbẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ àwọn aṣọ tí Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti fọwọ́ bà sọ́tọ̀, ó wọn ìyókù, kò sì ṣòro rárá. Ti Odò tẹ òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀. Ti Òkè, abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbé nǹkan kan lé òun lórí.

Áńkáṣíìfù kan wà lórí tábìlì tí kò bá àwọn yòókù mu, ó ní etí aláwọ̀ wúrà, ó sì tutù rinrin. Olùbẹ̀wò fi ìka méjì gbé e.

"Ta ló ni èyí?"

"Tèmi ni," Alákòóso wí. Ojú rẹ̀ ń dán.

Ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Òun nìkan wúwo ju márùn-ún èyíkéyìí lọ.

"Iṣẹ́ wo lẹ ṣe lónìí, sà?"

Alákòóso fi apá aṣọ rẹ̀ nu òógùn ojú.

"Akọ̀wé," Olùbẹ̀wò wí, "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Alákòóso: ìbẹ̀rù."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà ní kó ka ìwé àṣẹ sókè fún gbogbo ènìyàn, ará Òkè àti ará Odò, tí wọ́n ti kún orí afárá. Ó kà á láìgbé ohùn sókè, láìrẹ ohùn sílẹ̀. Ó ka ìkíní. Ó ka ìkejì. Ó ka ìkẹta, àwọn ará Òkè sì káwọ́ lérí. Ó ka ìkẹrin.

"Ta ló kọ ìyẹn?" Alákòóso bú ramúramù. "Ìwà ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn! Ta ló ṣe é?"

Gbogbo ojú yí sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ọkùnrin náà wo Alákòóso, ó wo Olùbẹ̀wò, ó tún wo Alákòóso.

"Ẹ̀yin ni, sà," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Èmi kọ́!" ni Alákòóso ké.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Baba Eléérú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà gba orí afárá lọ dé òdìkejì. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é!" wọ́n ń ké. "Ẹ̀yin náà lẹ ṣe é!"

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Odò gbé ọwọ́ sókè. "Ìkẹta ńkọ́? Wọ́n ní gbogbo èrè di tiwa. Ẹ jẹ́ ká kó o! Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n pè wá."

"Òótọ́ ni!" àwọn kan gbè é.

"Ẹ dákẹ́ ná," Ìyá Alámọ̀ wí. Ó gun orí òṣùwọ̀n kí wọ́n lè rí i, abẹ́rẹ́ sì fò, ẹnikẹ́ni kò wò ó. "Ṣé wèrè ẹnì kan á wá di àrùn gbogbo wa ni? Amọ̀ tí kò bá wọ iná, ẹrẹ̀ ni. Iná tí kò bá rí amọ̀ sun, èéfín ni. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ àwọn náà á wá òṣùwọ̀n tiwọn, àwọn ọmọ wa á sì máa wọn ara wọn títí wọn ò fi ní rí ilé kọ́. Ká máa pín in bí a ṣe ń pín in. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn."

Baba Eléérú ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ìyá."

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Ilé ìtọ́jú tí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi agbádá kún inú rẹ̀ lókè yẹn, ẹ kó agbádá náà jáde, kí ẹ gba nọ́ọ̀sì tiyín. Ẹ̀yin náà ń bímọ."

Ojú ti àwọn ará Òkè díẹ̀, ó sì yẹ kó tì wọ́n.

"Apá tó borí lè yọ̀ǹda ìkẹta," Olùbẹ̀wò wí, ó ń kọ̀wé. "Ṣé ẹ yọ̀ǹda ìkẹrin náà?"

Ìyá Alámọ̀ wo Alákòóso láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo irinṣẹ́ lọ́jà.

"Rárá, mà," ó ní. "Ìkẹrin dáa bó ṣe wà. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Báyìí ni àwọn ará Òkè ṣe fi Baba Eléérú jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Kò pẹ́ níbẹ̀, ó ní ó rọ̀ jù, ẹ̀yìn ń dun òun, ó gbé àpótí wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti dúró síwájú rẹ̀ pẹ́lú oyè tuntun tó kọ sínú ìwé, ojú ewé mẹ́ta.

"Lọ bá wọn gbé igi," Baba Eléérú wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó dáhùn, ó sì lọ. Ibi tó bá jẹ́ ti òótọ́, a ó sọ ọ́: ó ń gbé igi dáadáa.

Ti ọ̀gá rẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, wọ́n fi í sínú kòtò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kígbe pé òun á kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè bóyá wọ́n lè ka oyè òun nígbà tí òun bá ń tẹ amọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kò rí èémí tí yóò fi béèrè nǹkan. Àwọn obìnrin rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò retí: ọkùnrin náà wúlò. Ìwúwo tó fi ń jókòó lé àwọn ènìyàn lórí, nígbà tó fi tẹ amọ̀, amọ̀ náà rọ̀ bí òrí. Kò sí kóró kankan nínú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yín dára," Ìyá Alámọ̀ sọ fún un. "Èéṣe tó wá jẹ́ pé orí lẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì tú páálí rẹ̀. Ìparí oṣù dé, ó kọjá, ilé kékeré náà sì ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé wá láti Òkè láìwọ bàtà tó mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú láti àárọ̀. Ó ka iye bíríkì ara ògiri níwájú rẹ̀, ó ṣì í kà, ó tún un kà. Kòtò amọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn obìnrin ń po amọ̀, ṣùgbọ́n etí wọn kò sí nídìí iṣẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n ni igbe ọmọ jáde. Igbe tó lágbára, igbe ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Nọ́ọ̀sì yọjú lójú fèrèsé, ó ní obìnrin ni, ìyá rẹ̀ sì wà láàyè, ó ń béèrè omi. Akọ̀wé, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, fi orí lé ògiri, ó sì sunkún láìbìkítà.

Nínú kòtò, gbogbo ẹsẹ̀ dúró. Àwọn obìnrin ń yọ̀. Láàárín wọn, ọkùnrin tó ti jẹ́ Alákòóso náà gbé orí sókè. Àyà rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún.

"Èmi ni mo..." ó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá Alámọ̀ gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń dúró.

Ọkùnrin náà wo ojú wọn. Ó wo ilé ìtọ́jú. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí amọ̀ bò dé orúnkún.

"...mo po amọ̀ tó wà níbí yìí," ó parí rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́.

Kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Lára gbogbo ohun tó ti ní òun ṣe láyé òun, èyí ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ òótọ́.